Gíà Tó Ń Jó Lọ́wọ́: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Kí Wọ́n Tó Sọ Gíàbọ́ọ̀sì Yín Kalẹ̀

Ẹ fẹ́ bọ́ sí gíà kejì, ẹ bá ara yín ní ìkẹrin. Ẹ ń wá rìfáàsì, ìkíní ló wọlé. Bó bá wà ní fíríì, ọ̀pá gíà á máa yí lọ yí bọ̀ bí ọmọrogùn nínú ìkòkò ìkọ́kọrẹ́. Ẹni tó bá ti wa irú ọkọ̀ yìí wọ Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba, nígbà tí ọkọ̀ kì í kúrò ní ìkíní àti ìkejì fún ọ̀pọ̀ wákàtí, kò nílò kí n ṣàlàyé jù.

Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé ẹ ó gbé ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì, yóò mi ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀mejì, yóò ní, "Ẹ̀gbọ́n, gíàbọ́ọ̀sì ti lọ. Ẹ jẹ́ ká sọ̀ ọ́, ká wá tòkunbọ̀ sí i." Ẹ sanwó gíàbọ́ọ̀sì, ẹ sanwó iṣẹ́, ẹ wọ ọkọ̀, ọ̀pá ṣì ń jó. Kò lè ṣe kó má jó, torí pé ibi tó ti jẹ kò sí nínú gíàbọ́ọ̀sì. Ó wà láàárín ọwọ́ yín àti gíàbọ́ọ̀sì: àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lábẹ́ ọkọ̀, àwọn bọ́ọ̀ṣìn oníke tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀, àti ife ike tí ìdí ọ̀pá gíà jókòó sí. Bí ọ̀kan bá jẹ díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀. Bí márùn-ún tàbí mẹ́fà bá jẹ díẹ̀díẹ̀, gbogbo rẹ̀ á para pọ̀ sí ọwọ́ yín.

Golf 2 àti Golf 3 tó ń fi irin yí gíà ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, torí wọ́n ṣì pọ̀ lójú títì wa. Jetta àti Vento ìgbà náà kò yàtọ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ̀ yín ń fi wáyà yí gíà, bíi Corolla àwọn ọdún 1990, ẹ ṣe ìpele kìíní sí ìkẹta, kí ẹ wá fò lọ sí ìkẹjọ.

Ohun tí ẹ máa nílò

- Sípánà 10, 13 àti 17, àti kọ́kọ́rọ́ igun mẹ́fà 17
- Píláásì ẹlẹ́nu gígùn àti sikirudiráfà pẹlẹbẹ tó tóbi
- Jáàkì àti sítáàǹdì onírin méjì
- Tọ́ọ̀ṣì, rúlà ọmọ ilé-ìwé, ṣọ́ọ̀kì
- Kẹrosíìnì, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, àkísà
- Gíríìsì funfun oní-lithium
- Àpapọ̀ bọ́ọ̀ṣìn sẹlẹ́kítọ̀ gíà (àwọn irin tó ń gbé gíà wọlé) fún irú ọkọ̀ yín gan-an
- Ẹnì kan tó máa jókòó sídìí ọ̀pá gíà tí yóò ṣe ohun tí ẹ bá ní kó ṣe, tí kò ní ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ

Ní ti bọ́ọ̀ṣìn, ẹ béèrè lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta pátì Volkswagen nìkan. Bí ẹ ò bá rí i ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù, ẹ rán ẹni tó ń lọ sí Èkó kó yà sí Ládípọ̀ ní Múṣín, kí ẹ sì fi fọ́tò ti àtijọ́ sórí fóònù rẹ̀. Ẹ má ra tòkunbọ̀ fún èyí o. Mo fara mọ́ tòkunbọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, mo fara mọ́ ọn fún ilẹ̀kùn, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀ṣìn oníke tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n nílẹ̀ òyìnbó ti gbó tó ti yín náà. Owó yín á kàn ṣòfò ni.

1. Ẹ mọ̀ bóyá ọ̀pá ló ń ṣe é, tàbí kílọ́ọ̀ṣì, tàbí inú gíàbọ́ọ̀sì

Ibí yìí ni owó ti ń sọnù jù, nítorí náà ẹ má kánjú.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, kí ẹ kó gbogbo gíà wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, rìfáàsì pẹ̀lú. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa, kí ẹ tún un ṣe. Bí gíà bá ń wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí ẹ́ńjìnnì kú, tó wá ń ṣagídí nígbà tó wà láàyè, kílọ́ọ̀ṣì ni ẹ máa wò. Ó lè jẹ́ wáyà rẹ̀ ló ti dẹ̀, ó lè jẹ́ pé kílọ́ọ̀ṣì kò já tán. Kò sí bọ́ọ̀ṣìn tó lè wo ìyẹn sàn.

Ẹ tún dán rìfáàsì wò báyìí: ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, ọkọ̀ dúró, ẹ tẹ kílọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀ pátápátá, ẹ ka oókan dé aárùn-ún, kí ẹ tó fà á sí rìfáàsì. Bó bá ṣì ń ha "gààà" lẹ́yìn tí ẹ ti dúró bẹ́ẹ̀, kílọ́ọ̀ṣì náà ni.

Bó bá jẹ́ gíà kan ṣoṣo ló ń ha, tó sì jẹ́ lórí ìrìn ló ti ń ha, pàápàá ìkejì, ọ̀rọ̀ náà ti wọ inú gíàbọ́ọ̀sì. Àmọ́ bí gbogbo gíà bá ń wọlé láìha, tó kàn jẹ́ pé ẹ ní láti wá wọn kiri kí ẹ tó rí wọn, inú mi dùn sí yín: ọ̀pá àti bọ́ọ̀ṣìn ni, iṣẹ́ ọjọ́ Sátidé kan.

Ó ku síìtì ẹ́ńjìnnì, ìyẹn àwọn rọ́bà tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé. Bí rọ́bà síìtì bá ti já, ẹ́ńjìnnì àti gíàbọ́ọ̀sì á máa fì síwá sẹ́yìn, wọn á sì máa fa irin gíà lọ pẹ̀lú wọn. Ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, kí ẹnì kejì tẹ bíréèkì ẹsẹ̀, kó wọ gíà kìíní, kó sì rọra dẹ kílọ́ọ̀ṣì títí ọkọ̀ á fi fẹ́ gbéra, kó tún tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú rìfáàsì. Kí ẹ́ńjìnnì mira díẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n bó bá ń fò sókè tó ń dún "gbì", síìtì ni ẹ máa kọ́kọ́ pààrọ̀.

Ìkìlọ̀: ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ ni kí ẹ dúró sí láti wò ó. Ẹ má dúró síwájú rẹ̀, ẹ má sì dúró sẹ́yìn rẹ̀.

Àyẹ̀wò: kí ẹ lè sọ gbólóhùn kan pàtó kí ẹ tó tẹ̀síwájú, bíi "gíà ò ha, síìtì dára, kílọ́ọ̀ṣì ń já, ọ̀pá nìkan ló ń jó." Bí ẹ ò bá tíì lè sọ ọ́, ẹ tún ìpele yìí ṣe.

2. Ẹ wọn bó ṣe ń jó tó

Ojú a máa tan ni jẹ. Lẹ́yìn iṣẹ́, gbogbo ènìyàn ló máa ń rò pé ọ̀pá òun ti le. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ wọ gíà kẹta, ẹ gbé rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orí ọ̀pá. Ẹ fi ìka méjì tì í sọ́tùn-ún sósì, kí ẹ dúró níbi tí ẹ bá ti rí i pé irin ti ń kọ̀. Ẹ má fi agbára tì í kọjá ibẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ síwájú àti sẹ́yìn. Ẹ kọ iye sẹ̀ǹtímítà méjèèjì sílẹ̀ lára ògiri gáréèjì tàbí ibikíbi tí kò ní nù.

3. Ẹ gbé ọkọ̀ sókè, kí ẹ sì wà láàyè

Ilẹ̀ tó tẹ́jú, tó le. Ilẹ̀ pupa tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ pa kò dára, ẹsẹ̀ jáàkì á rì sí i. Ẹ fi òkúta dí táyà ẹ̀yìn níwájú àti lẹ́yìn, ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ gbé iwájú ọkọ̀ sókè, kí ẹ gbé e lé sítáàǹdì méjì.

Ìkìlọ̀: jáàkì nìkan kò tó, búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò sì ṣe é gbára lé rárá. Búlọ́ọ̀kù tó ní ihò nínú kì í sọ tẹ́lẹ̀ kó tó fọ́. Bí ẹ ò bá ní sítáàǹdì, ẹ bẹ ọ̀gá mẹkáníìkì kan tó ní kòtò kó yá yín lò fún ọ̀sán kan. Owó tí ẹ máa fún un kò ní pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí sàlẹ́ńsà tutù tán. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gan-an ni irin gíà gbà kọjá.

Àyẹ̀wò: ẹ ti ọkọ̀ láti ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì kí ẹ tó wọ abẹ́ rẹ̀. Bó bá mì lórí sítáàǹdì, ẹ sọ̀ ọ́, kí ẹ tún un gbé.

4. Ẹ fi ọwọ́ wá ibi tó ti jẹ

Láti gíàbọ́ọ̀sì ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ máa bọ̀ síhà ọ̀dọ̀ ọ̀pá. Púpọ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti òkè torí ibẹ̀ ló mọ́, ibẹ̀ ni wọn kì í sì í tọwọ́ bọ abẹ́ ọkọ̀.

Ẹ fi kẹrosíìnì àti búrọ́ọ̀ṣì fọ ẹrẹ̀ àti ọ́ìlì kúrò lára gbogbo oríkèé. Ẹ má fi bẹntiróòlù fọ ọ́ nítorí iná. Ẹ wá ní kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ máa mi ọ̀pá díẹ̀díẹ̀, ìwọ̀n tí ọwọ́ á fi mọ̀ ọ́n, kó má wọ gíà kankan. Ẹ fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là gbá oríkèé kan mú, kí àtàǹpàkò wà lórí irin tó ń wọlé, kí ìka kejì wà lórí irin tó ń jáde. Oríkèé tó dára, irin méjèèjì á jọ gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó ti jẹ, ẹ ó gbọ́ ọ ní ìka yín: ọ̀kan á kọ́kọ́ lọ, nǹkan á dún "kẹ́tẹ́" lábẹ́ ìka, ìkejì á ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀lé e. Bí ọwọ́ yín bá ti mọ ìdún yẹn, ẹ ò ní nílò ojú mọ́.

Lórí Golf, bí wọ́n ṣe tò rèé:

Àwọn irin kúkúrú tó ní orí bíi bọ́ọ̀lù, tí wọ́n kàn mọ́ gíàbọ́ọ̀sì. Ike tó di bọ́ọ̀lù náà mú ló máa ń gbó. Bó bá ti di pupa bí epo, tó sán, tàbí tí ẹ lè fi ìka lásán fà á yọ, ó ti kú.

Ọ̀pá ìyípo tó jókòó sórí ilé irin sítíárín, lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì. Bọ́ọ̀ṣìn rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ń gbójú fò jù, torí pé ó fara pamọ́. Lójú tèmi, òun ló ń fa ìdajì ijó náà lọ́pọ̀ ìgbà.

Irin gígùn tó gba abẹ́ ọkọ̀ bọ̀, àti kílám̀pù tó so ó pọ̀ níwájú. Ẹ wò bóyá bóòtì kílám̀pù náà ti dẹ̀. Ẹ má tíì tú u.

Ife ike tó wà lábẹ́ ọ̀pá gíà gan-an. Ẹ lè ní láti sọ irin pẹlẹbẹ tó ń dáàbò bo ilẹ̀ ọkọ̀ lọ́wọ́ ooru sàlẹ́ńsà kí ẹ tó dé ibẹ̀.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí gbogbo oríkèé tó ń dún. Bí ẹ bá rí ẹyọ kan, ẹ má dúró. Ó ṣọ̀wọ́n kó jẹ́ ẹyọ kan.

5. Ẹ pààrọ̀ bọ́ọ̀ṣìn

Ẹ ya fọ́tò kí ẹ tó tú ohunkóhun. Irin kúkúrú méjì yẹn jọra, ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Láti yọ orí-bọ́ọ̀lù, ẹ ki sikirudiráfà sẹ́yìn ike náà, sún mọ́ bọ́ọ̀lù, kí ẹ fi yí i. Ẹni tó bá fi ipá fa irin fúnra rẹ̀ á tẹ̀ ẹ́, irin tó bá sì ti tẹ̀ kò ní jẹ́ kí gíà tò mọ́. Ẹ nu bọ́ọ̀lù irin náà, ẹ fi ìka yí i ká. Bó bá ti jẹ kanlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ike tuntun kò ní pẹ́ lórí rẹ̀, ẹ wá irin náà pààrọ̀.

Ẹ rẹ ike tuntun sínú omi gbígbóná fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kó lè rọ̀, ẹ fi gíríìsì kún inú rẹ̀, kí ẹ fi àtàǹpàkò tì í wọlé títí ẹ ó fi gbọ́ "pọ́ọ̀". Ẹ má fi òòlù lù ú.

Ìkìlọ̀ lórí àwọn ọgbọ́n ojú ọ̀nà. Wọ́n á gé rọ́bà sílípáàsì, wọ́n á fi dí ihò bọ́ọ̀ṣìn. Wọ́n á fi wáyà bàìndì so orí-bọ́ọ̀lù. Ó máa ń dára títí ẹ ó fi dé ilé. Wáyà yẹn á já ní ọjọ́ kan lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣágámù sí Bìní, ẹ ó sì wà ní gíà kan ṣoṣo láàárín àwọn tírélà. Bí ẹ ò bá rí bọ́ọ̀ṣìn ọ̀pá ìyípo rà, ẹ lè gbé ti àtijọ́ lọ bá oníléètì, ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin, kó gbẹ́ irú rẹ̀ nínú náílọ́ọ̀nù líle. Ìyẹn ò burú. Ohun tí ẹ máa sọ fún un ni pé kó yí wọ́ọ́rọ́wọ́ láìmì. Bó bá fún jù, ọ̀pá gíà kò ní lè padà sáàárín fúnra rẹ̀. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kó fi bàbà ṣe ti orí-bọ́ọ̀lù, yóò jẹ bọ́ọ̀lù irin náà run.

Àyẹ̀wò: ẹ tún ṣe ìpele kẹrin láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò gbọdọ̀ sí oríkèé kan tí yóò dún "kẹ́tẹ́" mọ́.

6. Ẹ tò ó

Títò ló gbẹ̀yìn. Ẹni tó bá kọ́kọ́ tò ó lórí bọ́ọ̀ṣìn tó ti jẹ yóò tún un tò lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, gíà yóò sì máa sá fún un.

Ẹ wá ibi tí kílám̀pù ti di irin gígùn mú níwájú, bóòtì 13. Ẹ fi ìṣó ha àmì sára irin àti kílám̀pù kí ẹ lè mọ ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀. Ẹ rí i pé gíàbọ́ọ̀sì wà ní fíríì: ní fíríì, ẹ ó lè fi ọwọ́ gbé apá sẹlẹ́kítọ̀ lára gíàbọ́ọ̀sì sókè sódò, sípíríìn á sì máa dá a padà sáàárín. Bí kò bá lọ, gíà wà nínú rẹ̀.

Ẹ wá dẹ bóòtì náà títí irin gígùn á fi lè yọ́ síwájú sẹ́yìn, kó sì lè yí. Ní báyìí, gíàbọ́ọ̀sì wà lọ́tọ̀, ọ̀pá gíà wà lọ́tọ̀.

Kí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ mú ọ̀pá dúró ṣánṣán ní àárín ìkẹta àti ìkẹrin. Ojú ìlà yẹn ni Golf máa ń sinmi sí ní fíríì. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ń kọsẹ̀ sí: ẹni tó jókòó sórí ìjókòó awakọ̀ máa ń fa ọ̀pá sọ́dọ̀ ara rẹ̀ láìmọ̀, ẹ ó sì dì í bẹ́ẹ̀. Kó jókòó sẹ́yìn, kó na ọwọ́ gba àárín, kó fi ìka méjì di orí ọ̀pá mú láti òkè. Ẹ máa wò ó láti iwájú gíláàsì bóyá ó tọ́. Nígbà tó bá tọ́, ẹ di bóòtì náà díẹ̀, kó sọ pé òun ò tíì mira, kí ẹ wá dì í pa.

Ẹ má tíì tan ẹ́ńjìnnì, kí ẹ gbìyànjú gbogbo gíà. Bí ìkíní àti ìkejì bá ṣòro rí ṣùgbọ́n ìkarùn-ún rọrùn, tàbí tó jẹ́ ìdàkejì rẹ̀, irin ti yí ju bó ṣe yẹ sí apá kan: ẹ tú bóòtì, ẹ yí irin bí ìwọ̀n èékánná, ẹ tún dì í. Bí ìkejì àti ìkẹrin bá ń kan ike àárín ọkọ̀ kí wọ́n tó wọlé tán, ọ̀pá ti sún sẹ́yìn jù. Bó bá jẹ́ ìkíní àti ìkẹta ló ń kan nǹkan níwájú, ó ti sún síwájú jù. Rìfáàsì Golf, ẹ ó ti ọ̀pá mọ́lẹ̀ kí ẹ tó gbé e sósì síwájú. Bí kò bá lọ sílẹ̀, ife ike ìsàlẹ̀ ni ẹ ò tò dáadáa.

Àyẹ̀wò: ẹ fi ọ̀pá sí ìkarùn-ún, kí ẹ jọ̀wọ́ rẹ̀ sí fíríì. Kó padà sáàárín fúnra rẹ̀. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ láti ìkíní. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gbé rúlà ìpele kejì padà síbẹ̀, kí ẹ fi iye tuntun wé ti tẹ́lẹ̀.

7. Ọ́ìlì gíà

Níwọ̀n bí ẹ ti wà lábẹ́ ọkọ̀, ẹ kúkú pààrọ̀ ọ́ìlì gíà. Èyí tí wọ́n kọ GL-4 sí lára ni kí ẹ rà fún Golf, nǹkan bí lítà méjì fún oní-gíà márùn-ún. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kí ẹ rántí: ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ sí kí ẹ tó tú ti ibi tó ń jò jáde. Bí ti òkè bá ti dì pa, tí ẹ sì ti da ọ́ìlì nù, ọkọ̀ yín kò lọ síbì kankan lónìí. Kọ́kọ́rọ́ igun mẹ́fà 17 ló ń tú méjèèjì. Bí irin wínníwínní bá pọ̀ nínú ọ́ìlì àtijọ́, ẹ fi í pamọ́ sínú ike kan kí mẹkáníìkì lè rí i.

8. Ọkọ̀ oní-wáyà, àti Hilux àtijọ́

Corolla ní wáyà méjì láti ọ̀pá dé gíàbọ́ọ̀sì: ọ̀kan fún ọ̀tún àti òsì, èkejì fún iwájú àti ẹ̀yìn. Ẹ fi ìka wá oríkèé bí ti ìpele kẹrin, ní orí wáyà méjèèjì, lókè àti nísàlẹ̀. Bọ́ọ̀ṣìn orí wáyà ni ó sábà máa ń jẹ, tàbí kí kílíìpù tó di ara wáyà mọ́ irin rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀. Ẹ yọ orí wáyà méjèèjì, kí ẹ fi ọwọ́ fà á: kó lọ kó bọ̀ láìha. Èyí tó bá ń ha, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lódindi. Dída ẹ́ńjìnnì ọ́ìlì sínú rẹ̀ kò ní jù ọ̀sẹ̀ méjì lọ, iyanrìn á sì wá dara pọ̀ mọ́ ọn.

Hilux tí gíàbọ́ọ̀sì rẹ̀ wà lábẹ́ ọ̀pá tààrà rọrùn jù. Ẹ yọ rọ́bà ìbora, ẹ tẹ ìdérí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ yí i, ọ̀pá á jáde. Bọ́ọ̀ṣìn tó wà nísàlẹ̀ ọ̀pá nìkan ni ẹ máa pààrọ̀. Ẹ fi aṣọ mímọ́ bo ihò náà kíákíá. Nọ́ọ̀tì kan péré tó bá já sínú ibẹ̀ á sọ iṣẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá di sísọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀.

9. Ẹ wà á lọ

Ẹ sọ ọkọ̀ kalẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wà á ládùúgbò, níbi tí ẹ lè dúró sí. Ìkíní sí ìkejì, ìkejì sí ìkẹta, kí ẹ máa fi ìka tì í, kì í ṣe apá. Lẹ́yìn náà, ẹ bọ́ sójú ọ̀nà tó gùn, kí ẹ gbìyànjú láti ìkarùn-ún padà sí ìkẹrin, torí ibẹ̀ ni ẹni tí kò tò ó dáadáa ti máa ń bá ara rẹ̀ ní ìkejì, ẹ́ńjìnnì á sì ké.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ẹ tún wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ẹ fún bóòtì 13 yẹn. Bí gíà kejì bá wá ń fò jáde fúnra rẹ̀ nígbà tí ẹ bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí toróótù, tí bọ́ọ̀ṣìn jẹ́ tuntun, tí síìtì sì dúró ṣinṣin, nígbà náà ni kí ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ gíàbọ́ọ̀sì kalẹ̀.